Irọ́ ni pé fèrèsé álúmíníọ̀mù kò nílò ìtọ́jú

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí tí wọ́n ti ń ta fèrèsé àti ilẹ̀kùn álúmíníọ̀mù, ì báà jẹ́ l'Ékòó, ì báà jẹ́ n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́ ẹ máa gbọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó dáadáa. Wọ́n á ní tẹ́ ẹ bá ti lè ra èyí, wàhálà yín ti tán nìyẹn. Kò ní dógùn-ún bí irin, ikán ò ní jẹ ẹ́, ẹ ò ní máa kùn ún lọ́dà, kò sì nílò ìtọ́jú kankan. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn létí ẹni tó ti náwó láti ìpìlẹ̀ títí dórí òrùlé, tí àpò ti gbẹ, tó sì ń wá ohun kan tí kò ní béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ká sọ tòótọ́, mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́jà yẹn ní òtítọ́ nínú. Ìkẹrin, irọ́ gbuu ni. Irọ́ ọ̀hún sì ń jẹ owó àwọn onílé àti àwọn ayálégbé lọ díẹ̀díẹ̀, débi pé ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ títí ọjọ́ tí ilẹ̀kùn gíláàsì ńlá tó já sí ẹ̀yìnkùlé kò ní ṣeé fà mọ́, tàbí tí òjò máa rọ̀ lóru tí omi máa gba abẹ́ fèrèsé wọ yàrá, tí á ba bẹ́ẹ̀dì àti káríkò jẹ́.

Lójú tèmi, fèrèsé àti ilẹ̀kùn kì í ṣe ọjà tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan kó gbàgbé. Bíi mọ́tò ni. Ẹni tó ra mọ́tò tí kò pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì ló máa pààrọ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń tà á sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹni tó rà á fi ìtọ́jú náà sínú ìṣirò owó rẹ̀, kí ìwé àdéhùn ilé sì sọ ẹni tí iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàrin onílé àti ayálégbé. Ohun mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ rò pẹ̀lú yín lónìí.

Dọ́là ló wà lára ògiri yín

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kan ojú ìwé ọrọ̀ ajé nínú ọ̀rọ̀ fífọ fèrèsé. Ó kàn án gan-an ni. Ọjà London Metal Exchange ni gbogbo ayé ti ń wo iye tí wọ́n ń ta álúmíníọ̀mù, dọ́là sì ni wọ́n fi ń ka iye náà. Lóòótọ́, a ní ilé iṣẹ́ ìyọ́ álúmíníọ̀mù tiwa ní Ikot Abasi, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, ṣùgbọ́n ọdún 1997 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún 1999 ló ti kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Àìrójú àìráyè ibẹ̀ kò jẹ́ ká rí i fi bọ́ lọ́wọ́ dọ́là.

Ẹ ẹ̀ gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà. Kí báńkì àpapọ̀, CBN, tó fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa dá iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦470 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní iye ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹni tó fi fèrèsé sílé rẹ̀ ṣáájú àkókò yẹn ní ẹrù kan lára ògiri tí owó tó ná nígbà náà kò lè rà padà mọ́. Bí ẹrù náà bá bàjẹ́ lónìí nítorí iyanrìn àti ìdọ̀tí, kì í ṣe iye àtijọ́ ló máa fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tún le fún àwọn àgbàlagbà. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wa, ilé ni owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ jẹ́ ká mú un pé bàbá kan ti fẹ̀yìn tì, ó ní ilé alájà kan tó kó ayálégbé mẹ́rin sí, owó ilé yẹn ló fi ń jẹun, òun ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí fèrèsé ilé náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti léra wọn, tí omi ń wọlé, ayálégbé tó lówó lọ́wọ́ máa kó jáde, èyí tó bá kù máa máa fa owó ilé lẹ́sẹ̀. Bàbá ò ní lówó láti pààrọ̀ fèrèsé ogójì lẹ́ẹ̀kan náà. Oògùn rẹ̀ ni fèrèsé yẹn máa jẹ.

Àwọn baba wa kò gbọ́ irú irọ́ yìí

Nígbà tó jẹ́ pé igi ni fèrèsé, kò sí ẹni tó sọ pé kò nílò ìtọ́jú. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ iṣẹ́ káfíńtà dáadáa, fèrèsé onígi tí wọ́n ṣe sára ilé wọn sì ṣe ọ̀pọ̀ ọdún lójú òjò àti oòrùn. Ilé tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar ní Tinubu, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855, dúró títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọwọ́ èèyàn ló sì wó o.

Ẹ̀yin náà ẹ rántí bó ṣe máa ń rí nílé àwọn òbí wa. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Kérésìmesì tàbí Iléyá dé, wọ́n á ra ọ̀dà, wọ́n á kun ilẹ̀kùn àti fèrèsé. A rò pé ọ̀ṣọ́ ọdún ni. Ìtọ́jú ni, nítorí pé ọ̀dà yẹn ni kì í jẹ́ kí omi wọ inú igi. Lẹ́yìn náà la lọ sórí fèrèsé lúfà, bí ewé gíláàsì kan bá fọ́ nínú ìyẹn, ewé kan lèèyàn máa ra. Ìgbà tí álúmíníọ̀mù tí wọ́n ń fà sọ́tùn-ún sósì gbòde la wá ju àṣà ìtọ́jú sígbó, torí wọ́n ti sọ fún wa pé a ò nílò rẹ̀ mọ́. Gíláàsì tó bá fọ́ nínú èyí sì rèé, odidi ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń ba álúmíníọ̀mù jẹ́

Àwọ̀ funfun, dúdú tàbí àwọ̀ idẹ tẹ́ ẹ ń rí lára fírémù yẹn, lára ọ̀pọ̀ jù lọ, ọ̀dà oníyẹ̀fun ni, tí wọ́n fi iná yan mọ́ ọn lára. Kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju irun orí kan lọ. Ọ̀tá mẹ́rin ló ń bá a jà nílẹ̀ wa.

Èkínní ni iyọ̀. Àwọn tó ń gbé nítòsí òkun, láti Badagry dé Lẹ́kí àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń gbé iyọ̀ wá. Iyọ̀ yìí máa ń gba ojú ibi tí ọ̀dà ti ha tàbí ibi tí wọ́n ti gé fírémù wọlé, á máa lu álúmíníọ̀mù ní ihò wẹ́wẹ́, ẹ máa rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun tó ń hù jáde níbẹ̀. Bí wọ́n bá tún wá fi síkúrù irin lásán de fírémù náà, ó burú sí i, nítorí pé tí irin àti álúmíníọ̀mù bá fara kanra nínú omi iyọ̀, álúmíníọ̀mù ló máa ń jẹ kúrò. Síkúrù tí kì í dógùn-ún ló yẹ kẹ́ ẹ ní kí wọ́n lò.

Èkejì ni sìmẹ́ńtì. Omi sìmẹ́ńtì tútù máa ń jẹ álúmíníọ̀mù, ó sì máa ń fi àpá sílẹ̀ lára gíláàsì. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé wọ́n á ti fi fèrèsé sí i kí bíríkìlà tó parí rẹ́ńdà. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Èyí tó bá ta sí i lára, kí wọ́n fi omi ṣàn án lójú ẹsẹ̀ kó tó gbẹ, nítorí èyí tó bá gbẹ tán, ọ̀bẹ ni wọ́n máa fi ha á, ọ̀bẹ yẹn á sì ha ọ̀dà lọ.

Ẹ̀kẹta ni irin tí a fi ń dí fèrèsé nítorí olè. Wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò bo gíláàsì, iná tó ń ta pàrà yẹn máa ń wọnú gíláàsì, kò sì sí ọṣẹ tó lè fọ àpá rẹ̀. Bí irin ọ̀hún bá sì dógùn-ún, omi pupa rẹ̀ á máa ṣàn sára fírémù lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fẹ́ kí fèrèsé rẹ̀ pẹ́ gbọ́dọ̀ kun irin olè náà lọ́dà tí kì í jẹ́ kó dógùn-ún.

Ẹ̀kẹrin ló wà níbi gbogbo: eruku ọyẹ́, iyanrìn títì àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Iyanrìn tó bá kó sínú réèlì ni àwọn táyà kéékèèké abẹ́ fèrèsé àti ilẹ̀kùn ń gùn lórí lójoojúmọ́. Bí ọlọ ni. Ohun tí à ń pè ní "ilẹ̀kùn ti le" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó nígbà gbogbo, iyanrìn ló ti lọ táyà náà kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn á máa fi agbára tì í, títí tí gíláàsì á fi yẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ láì náwó

Kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku inú réèlì kúrò nígbà tó ṣì gbẹ, kẹ́ ẹ má sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ẹ wá da omi lásán sára fírémù àti gíláàsì kí iyanrìn kọ́kọ́ ṣàn lọ, torí ẹni tó bá fi aṣọ nu iyanrìn, ó ń fi ha gíláàsì ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọṣẹ olómi díẹ̀ sínú garawa omi, ẹ fi fóòmù tàbí aṣọ rírọ̀ fọ̀ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é. Bí oòrùn bá ti mú, ọṣẹ á gbẹ mọ́ ọn lára kẹ́ ẹ tó ṣàn án.

Ẹ má fi kànìnkànìn irin, eérú, tàbí ọṣẹ oníyẹ̀fun tẹ́ ẹ fi ń ha síńkì kàn án. Ohun tó ń dá ìkòkò lóhùn kì í ṣe ohun tó yẹ fírémù. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé omi eérú àti ohun tó bá ní sódà líle nínú máa ń ba álúmíníọ̀mù jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tó ń fọ mọ́tò fi ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára kọjú sí fèrèsé yín. Omi á gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà kọjá, á wọ inú ilé.

Ní ti gíláàsì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ìwé ìròyìn nù ún dán, a ò sì lè bá wọn jà, kí wọ́n ṣáà ti kà á tán kó tó di aṣọ ìnulẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n má fi kan fírémù funfun, nítorí tàdáwà rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí àṣírí wà gan-an ni abẹ́ fèrèsé. Ẹ wo apá ìta réèlì ìsàlẹ̀, ẹ máa rí ihò kéékèèké méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe oníṣẹ́. Ibẹ̀ ni omi òjò tó bá bọ́ sínú réèlì ń gbà jáde. Bí eruku, òkú kòkòrò tàbí ọ̀dà àwọn tó ń kunlé bá dí i, omi ò ní ríbi gbà, yàrá yín ló máa gbà. Ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tú u, kẹ́ ẹ wá bu omi kọ́ọ̀pù kan sínú réèlì. Bí omi náà bá ṣàn jáde síta, ó ti dáa. Bó bá dúró, ẹ tún tú u. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pe bíríkìlà wá gbẹ́ ògiri nítorí omi tó ń wọlé, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ ìgbálẹ̀ ló yẹ kó parí ọ̀rọ̀ náà.

Bí ilẹ̀kùn bá ṣì le lẹ́yìn tí réèlì ti mọ́, ẹ fi àbẹ́là gbígbẹ pa ojú réèlì. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí gírísì sí i. Á kọ́kọ́ yọ̀ lọ́jọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà á kó gbogbo iyanrìn àdúgbò jọ. Bí èyí náà kò bá ràn án, ó jẹ́ pé táyà ló ti jẹ, ẹ pe oníṣẹ́ kó pààrọ̀ táyà nìkan, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé odidi ilẹ̀kùn ló ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ilé kan bá ní fèrèsé mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 15, gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì àbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ̀kan lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ̀kan lẹ́yìn òjò, wákàtí márùn-ún péré ni. Àwọn tó wà létí òkun tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí èéfín pọ̀, kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Nínú ìwé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọ̀dà oníyẹ̀fun yìí pàápàá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ létí òkun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ wọn ò sí nínú rẹ̀ tó bá ṣí. Ẹni tó ṣe é sọ pé ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹni tó tà á fún yín ní kò nílò ìtọ́jú. Ta ni ká gbà gbọ́?

Èyí tó jẹ́ igi, àtèyí tí wọ́n fi irin bò

Igi ò tíì kúrò láyé. Ilẹ̀kùn ìrókò àti ọ̀gànwó ṣì wà nílé olówó àti tálákà. Igi máa ń wú lásìkò òjò, ó sì máa ń sún kì lásìkò ọyẹ́. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn tó ń há lóṣù keje fi máa ń ní àlàfo lóṣù kìíní. Káfíńtà tó bá fá a nígbà tó ṣì wú, àlàfo ló ń ṣe sílẹ̀ de ọyẹ́, bí ògiri ò bá sì lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná. Bó bá pọn dandan kó fá a, kó kun ojú ibi tó fá lọ́jọ́ náà, pàápàá etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, tí ọ̀pọ̀ kì í kùn rárá, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni omi ń gbà gòkè.

Ọ̀nà tí ẹ lè fi mọ̀ pé fáníìṣì ti ń tán ni pé kẹ́ ẹ ta omi díẹ̀ sí i lára. Bí omi náà bá dúró ní kóro kóro, ó ṣì dáa. Bó bá wọ inú igi tí ojú ibẹ̀ dúdú, àkókò ti tó. Ẹ fi sáńpépà ha á díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un kùn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró títí á fi máa bó, torí ìgbà yẹn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ha kúrò. Ẹ sì máa wo ìsàlẹ̀ fírémù bóyá ikán ti fi erùpẹ̀ la ọ̀nà gòkè níbẹ̀.

Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni igi tí wọ́n fi irin bò. A mọ irú rẹ̀ tipẹ́: ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ tí wọ́n kan páànù mọ́ lára kí omi má bàa jẹ ẹ́. Omi á gba ojú ìṣó àti etí páànù wọlé, kò ní rọ́nà jáde, igi á jẹrà sínú nígbà tí páànù ṣì ń dán. Ó tún ní tàwọn ọlọ́lá. Àwọn tó ń kọ́lé ńlá máa ń kó ilẹ̀kùn gíláàsì wọlé láti òkè òkun, inú rẹ̀ jẹ́ igi, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ álúmíníọ̀mù. Ohun tó ṣe ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ lè ṣe é náà. Kí wọ́n máa yẹ ojú ibi tí irin pàdé irin àti ibi tí gọ́ọ̀mù wà wò lọ́dọọdún, kí wọ́n máa fi orí ìdè síkúrù tẹ igi inú rẹ̀ nísàlẹ̀. Bó bá rọ̀, omi ti wọ̀ ọ́. Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n inú tó jẹ́ igi, aṣọ tí wọ́n ti fún gbẹ ni kí wọ́n fi nù ún. Bó bá sì jẹ́ onígíláàsì méjì, tí ìkùukùu ń hàn láàrin wọn, kò sí bí wọ́n ṣe lè fọ ìyẹn. Gíláàsì nìkan ni kí wọ́n pààrọ̀, kí wọ́n fi fírémù sílẹ̀.

Ta ni kó sanwó rẹ̀?

Ibí ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Ayálégbé á ní ilé onílé ni, òun ò lè fowó òun tún un ṣe. Onílé á ní òun kọ́ ló ń fà á lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa parí àríyànjiyàn, ilẹ̀kùn á ti jáde lójú réèlì.

Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 gbìyànjú láti pín in. Ó ní kí ayálégbé tọ́jú ibi tó ń gbé kó wà ní ipò tó dáa, yàtọ̀ sí ohun tí ìlò ojoojúmọ́ bá gbó. Ó sì ní kí onílé máa tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo èèyàn jọ ń lò ṣe, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn. Òfin náà kò dé Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n fèrèsé rèé, apá kan rẹ̀ wà nínú ilé, apá kejì wà níta. Táyà tó jẹ ńkọ́, ìlò ojoojúmọ́ ló gbó o ni àbí àìfọ̀?

Àbá tèmi ni pé kí wọ́n kọ ìlà méjì péré sínú ìwé àdéhùn. Èkínní: ayálégbé ló máa fọ fèrèsé àti réèlì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tó bá sì rí àléébù, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí onílé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Èkejì: onílé ló máa pààrọ̀ táyà, rọ́bà àti gọ́ọ̀mù tó bá gbó, òun náà ló máa kun igi. Níbi tí wọ́n bá ti ń gba owó ìtọ́jú lọ́tọ̀, kí ìtọ́jú fèrèsé ní ìlà tirẹ̀ nínú ìṣirò. Òfin ọdún 2011 yẹn ti là á sílẹ̀ pé ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìṣirò owó bẹ́ẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà.

Owó wà níbẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́

Mo mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ álúmíníọ̀mù lè sọ pé mo fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́, pé bí fèrèsé kò bá bàjẹ́, ta ni á ra tuntun. Kí wọ́n gbọ́ ná. Nísinsìnyí tí tuntun ti wọ́n, àwọn tó ń kọ́lé tuntun ti dín kù lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn ilé tí wọ́n ti fi fèrèsé sí kò lọ síbì kan. Bí oníṣẹ́ kan bá ní ogójì ilé tó ti ṣiṣẹ́ fún, tó bá gbogbo wọn ṣe àdéhùn pé òun á máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti fọ̀ ọ́, tú ihò rẹ̀, yẹ táyà àti rọ́bà wò, ìyẹn jẹ́ ọgọ́rin ìpè iṣẹ́ lọ́dún. Ó lé ní ẹyọ kan lọ́sẹ̀, láì polówó. Ẹni tó bá sì ń lọ sílé oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè bí wọ́n bá fẹ́ fi fèrèsé sí ilé mìíràn.

Ohun èlò rẹ̀ kò ju garawa, fóòmù, àkàbà tó dúró dáadáa, táyà àti rọ́bà tí wọ́n kó sápò lọ. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá, tí kò tíì ní owó tó máa fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé fírémù, lè fi èyí bẹ̀rẹ̀. Kó ṣáà má gun orí etí fèrèsé ilé alájà, nítorí kò sí owó tó tó ẹ̀mí.

Àwọn kan á ní kò sí àyè, àwọn kan á ní omi gan-an ṣòro nílé àwọn. Mo gbà. Garawa méjì ti tó yàrá kan bí wọ́n bá fọgbọ́n lò ó, omi òjò tí wọ́n gbè sílẹ̀ sì dára fún un. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn tuntun lóṣù yìí, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ bi ọlọ́jà ní ìbéèrè kan: báwo ni màá ṣe máa tọ́jú rẹ̀? Bó bá la ọ̀nà rẹ̀ yé yín, ẹ bá a ná an. Bó bá ní kò nílò ìtọ́jú, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ sórí rìsíìtì, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ máa rí i bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa yí padà.